Òkúta Tí Ó Mu Òróró

Àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sùúrù, kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fi èyí sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àwa méjì péré ni bàbá wa bí. Agbẹ́gilére ni bàbá wa, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni ó sì yẹ kí n jogún àáké rẹ̀. Ó kọ́ mi fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣá ara mi lójúgun lẹ́ẹ̀kejì, ó gba àáké náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ìwọ, máa lọ síléèwé, kí o má baà gé ẹsẹ̀ tí o máa fi rìn débẹ̀." Àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré họ èèpo igi. Òun ni bàbá na àáké náà sí. Báyìí ni a ṣe pín ogún nígbà tí ẹni tí ó ni í ṣì wà láàyè, kò sì sí ẹni tí ó bá ẹnì kejì jà sí i.

Inú iṣẹ́ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Bí oníbàárà bá dé láti béèrè ère tí ó ní kí ó gbẹ́ fún òun, kò ní gbé ojú sókè. Yóò kàn wí pé, "Sùúrù, sùúrù, igi ò tíì gbà."

Bàbá wa dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù mẹ́jọ. Ní gbogbo àkókò náà, mo wà ní ìlú òkèèrè níbi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé. Sùúrù ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, òun náà ni ó sì ń fi òróró pa á lára ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, nítorí pé awọ ara rẹ̀ ti gbẹ bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, ìdánwò àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí n parí rẹ̀ ná. Ìgbà tí n ó fi dé, wọ́n ti kan pósí pa. Láti ọdún náà ni mo ti ń bi àbúrò mi pé, báwo ni ojú bàbá ti rí ní ìgbẹ̀yìn? Èsì kan náà ni ó ń fún mi: "Ó sinmi, Bọ̀dá." Bí mo bá tún bi í, yóò dìde, yóò ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan lẹ́yìnkùlé.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ìsìnkú náà, ó gbẹ́ ojú bàbá sí igi fún mi. Inú fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní ni ó ti wò ó: bàbá dúró níwájú iléèwé ní ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ọrùn rẹ̀ nípọn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fún ní ìwé náà. Ọdún mọ́kànlá ni ère yìí fi wà lórí tábìlì mi ní pálọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi fi aṣọ nù ún, imú rẹ̀ sì wọlé sínú orí. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán pátápátá. Àṣé ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ni a ti ń kí láràárọ̀.

Sùúrù wá, ó kó èérún náà sínú aṣọ, ó sì di í ní kókó.

"Bọ̀dá, igi wo ni ikán ò lè jẹ?"

"Òkúta."

"Igi ni mo wí."

"Mo gbọ́. Òkúta ni èmi náà wí."

Ẹ̀rín ni a fi pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ tí mo kà nínú ìwé ìròyìn pé iléèwé kan ní ilẹ̀ òkèèrè ń wá àwọn agbẹ́gilére mẹ́fà tí yóò wá kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ òkúta mábù fún oṣù mẹ́ta. Mo kọ fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mẹta: yíǹkì dà sí ti àkọ́kọ́, ìlà kan sì wọ́ nínú ti èkejì. Wọ́n mú àbúrò mi, obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tí kò tíì wọ bàálù rí.

Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Ohun márùn-ún ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkínní, àáké bàbá, tí kò ní í wúlò fún òkúta, ṣùgbọ́n tí ó ní òun kò lè sùn ní ibi tí kò bá sí. Èkejì, súwẹ́tà mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, fọ́tò bàbá, tí mo fi páálí líle sí ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹrin, ìwé pélébé kan tí mo kọ ogójì ọ̀rọ̀ èdè ilẹ̀ náà sí pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ìkarùn-ún, ìgò òróró àgbọn kan, nítorí mo ti kà pé òtútù ibẹ̀ máa ń ha awọ ara. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ìkarùn-ún yìí sọ́kàn.

"Ojú inú fọ́tò yìí ni kí o gbẹ́," ni mo wí fún un. "Má fi kún un, má yọ kúrò nínú rẹ̀."

"Òun náà ni mo fẹ́, Bọ̀dá. Mo fẹ́ rí ojú yẹn padà. Èkejì ti bò ó mọ́ mi lójú."

"Èkejì wo?"

Ó ti ìdérí àpótí náà, ó sì jókòó lé e kí ó lè pa dé.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, yóò fi ránṣẹ́, èmi yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Àwọn àtùpà òpópónà ibẹ̀ máa ń tàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàrá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan àti fèrèsé kan tí ó dojú kọ ògiri. Ilé iṣẹ́ náà gùn bí gáréèjì ńlá, fèrèsé rẹ̀ ga, ilẹ̀ rẹ̀ sì funfun fún eruku òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ipasẹ̀ ẹni ni a fi ń mọ ẹni tí ó ti dé. Bàbá arúgbó kan ni ọ̀gá wọn. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, àbúrò mi kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ ewú nínú rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ eruku. Obìnrin kan tí ó ti kúrò nílé láti ogún ọdún, tí ó ń se oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Atúmọ̀ ni n ó máa pè é níhìn-ín.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá fi ọwọ́ lu òkúta kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta.

"Àǹtí," ni Atúmọ̀ wí, "ó ní ẹ káàbọ̀. Ó ní òkúta yìí ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ orí, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ má fi ìkánjú lù ú, kí ẹ sì máa fi nǹkan bo imú yín."

"Ṣé gbogbo ohun tó sọ nìyẹn?"

"Ó sọ díẹ̀. Ìyókù, mo mọ̀ pé ó máa sọ ọ́ lọ́la, mo kúkú bá a sọ ọ́ tán."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń mú ojú òkúta kan ṣoṣo tẹ́jú. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni a fi ń já a. Irin eléyín, tí ó dà bí òòyà, ni a fi ń ya á. Irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni a fi ń mú un jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ni fáìlì, kí bébà oníyanrìn àti omi tó wá parí rẹ̀. Ọwọ́ àbúrò mi kọ̀ fún un. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń ṣá igi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀; òkúta ní tirẹ̀, ṣe ni a ń lù ú lọ. Ó sì tún wí pé igi ní ọ̀nà nínú, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà náà kò ní ṣìnà, ṣùgbọ́n òkúta kò ní ọ̀nà kankan. Ibi tí o bá gbé irin lé ni ọ̀nà.

"Bọ̀dá," ni ó wí ní ọjọ́ Àìkú kejì, "ẹ bá mi yọ̀, mo ti wọ iléèwé. Ní tiyín, tíṣà ló ń na ọmọ. Níbí, òkúta ló ń nà wá. Àtàǹpàkò mi ti wú bí iṣu."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n fún olúkúlùkù ní òkúta tirẹ̀. Ọ̀kan ni ti ẹnì kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìtàn. Ọ̀gá kọ́ wọn bí a ṣe ń fi òòlù kékeré kan òkúta, kí a sì tẹ́tí sí i: èyí tí ó bá sán nínú yóò dún kú, èyí tí ó bá pé yóò dún bí agogo. Ti Sùúrù dún bí agogo, ó sì funfun láìsí ìlà kankan lára rẹ̀. Ó gbé fọ́tò bàbá tì í. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó fi gbẹ́ ẹ. Etí kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà àgbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tí ó kún. Ọ̀gá máa ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀. Atúmọ̀ ní kí ó má ṣèyọnu, pé ẹni tí Ọ̀gá bá ń bá wí nìkan ni ó wà nínú ewu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ojú ère náà là.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun kan níhìn-ín. Bàbá wa kì í fi òróró kan ère títí ojú rẹ̀ yóò fi là. Ọjọ́ tí ojú bá là, yóò bu òróró sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi pa á láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀bátí, yóò sì fi aṣọ wé e, kí igi má baà gbẹ lójijì kí ó sì sán. Ó máa ń wí pé, "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú, ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ kí i." Kò sí ère kan tí àbúrò mi gbẹ́ láyé rẹ̀ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ fọ ọwọ́. Ó mú ìgò òróró àgbọn náà nínú báàgì. Ó fi pa ère náà lójú, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Nígbà tí ó ṣe, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé orí náà. Wọn kì í ṣí ilé iṣẹ́ náà ní Sátidé àti Àìkú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tú ìborùn náà. Ojú bàbá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí bébà tí a fi di ohun díndín.

Gbogbo wọn pagbo yí i ká. Ọ̀gá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Ó ní kí lẹ fi pa á?" ni Atúmọ̀ wí.

"Òróró."

"Ó ní ṣé ẹ fẹ́ dín in jẹ ni?"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, àní Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ní òkúta yìí ní ihò tí ojú ò lè rí. Ohun tó bá ti mu, kì í pọ̀ ọ́ jáde." Ní ọjọ́ náà, Atúmọ̀ kò fi nǹkan kan kún un.

"Sọ fún un pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn," ni Sùúrù wí. "Sọ fún un pé ìtọ́jú ni mo ṣe. Mi ò fẹ́ kó sán ni."

Ọ̀gá bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì tún un dé. Ó po lẹ́búlẹ́bú funfun kan mọ́ ọṣẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ère náà nípọn, ó fi àpò ọ̀rá wé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣí i, iwájú orí ti mọ́, imú ti mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti ẹ̀bátí, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pẹ́, kò mọ́. Ọ̀gá ní kò kù ju kí a gé e: ìdajì ìbú ìka ní apá ọ̀tún, ó lé díẹ̀ ní apá òsì. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ó kù kí ẹ̀kọ́ náà parí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, kì í ṣe Àìkú, fóònù mi sì dún.

"Bọ̀dá, mo ti ba Bàbá jẹ́."

"Ṣé ó sán ni?"

"Kò sán. Òróró ni mo fi pa á."

"Òróró wo?" ni mo bi í, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀.

 Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ń fa ìlà pupa sí abẹ́ àṣìṣe àwọn ọmọ ọlọ́mọ. N kò fa ọ̀kankan sí abẹ́ èyí. Mo ní, "Èmi ni mo dì í sínú ẹrù rẹ."

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ló mọ ọ̀nà ju orí mi lọ." Mo gbọ́ tí ó fọn imú. "Tí mo bá gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, kò ní jọ fọ́tò mọ́. Ojú tí mo wá wá nìyẹn, Bọ̀dá. Mo ti rí i, ó ku díẹ̀ kó bá mi sọ̀rọ̀."

Nígbà tí ó padà sídìí òkúta rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, kò ṣe nǹkan kan títí di ọ̀sán. Ọ̀gá fa àpótí mìíràn, ó jókòó tì í.

"Ó ní ṣé kò sí ojú mìíràn lábẹ́ èyí ni?" ni Atúmọ̀ wí.

 Àwọn yòókù ń kan òkúta tiwọn, kò-kò-kò, eruku sì ń ga.

"Ó wà," ni Sùúrù wí nígbà tí ó ṣe.

"Ó ní kí ló wá dé?"

"Ó rù."

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ.

"Ó ní òkúta ò kọ ẹni tó rù."

Sùúrù mú fọ́tò bàbá, ó dá a padà sí àárín páálí rẹ̀, ó sì gbé e sí ìsàlẹ̀ báàgì. Láti ọjọ́ náà, kò wo ohunkóhun mọ́. Apá òsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wẹ bàbá, nítorí pé apá òsì ni ó máa ń dùn ún jù, tí ó sì fẹ́ kí a tètè ṣe tán níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ti ń lé kúrò lọ́kàn fún ọdún méjìlá ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀ délẹ̀délẹ̀: ibi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ, ibi tí ẹ̀bátí ti jìn, bí awọ ti rọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Atúmọ̀ ní ó ń sọ̀rọ̀ sí òkúta náà bí ó ti ń kan án. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni ó ń wí, ó ní òun ń sọ fún un, bí òun ti máa ń sọ fún bàbá nínú ìwẹ̀, pé ó ti ń tán lọ. Ní ọjọ́ Àìkú méjèèjì tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo rí kọ sínú ìwé mi: "Mo ń ṣiṣẹ́."

Sùúrù dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ọkùnrin méjì ni ó gbé àpótí pákó tí ère náà wà nínú rẹ̀ wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹ. Mo ti to pálọ̀ sílẹ̀: tábìlì wà ní ipò rẹ̀ àtijọ́, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀, bí ó sì ti wọlé ni mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́, kí n lè fi wé e. Wọ́n gbé orí náà lé tábìlì, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìjókòó mi.

N kò mọ ẹni tí mo ń wò. Mo wọ awò ojú mi. Arúgbó kan ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ètè rẹ̀ pa pọ̀ bí ẹni tí ń fara da nǹkan. Iwájú orí náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀.

Àbúrò mi dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò tíì bọ́ súwẹ́tà rẹ̀.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí jìn jù," ni mo wí. Ẹnu mi mọ iṣẹ́ rẹ̀; kò lè ṣe kí ó má wí. "Àti pé ojú òsì kò bá ti ọ̀tún dọ́gba. Ìpéǹpéjú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, Bọ̀dá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kẹta tó ti dùbúlẹ̀. Ti òsì ò ṣí dáadáa mọ́. Ti ọ̀tún ló fi ń wòran."

"Kí ni ó ń wò?"

Ó fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ ère náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí a fẹ́ nù níbẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà. Tí ilẹ̀kùn bá ti dún, á ní, 'Ṣé Tíṣà ti dé?' Mi ò fẹ́ sọ fún yín. Mo ní kí ẹ ní ti inú fọ́tò nìkan."

Mo jókòó. Ìyàwó mi mú omi wá, n kò mu ún. Mo bi àbúrò mi ní ohun gbogbo tí mo ti fẹ́ bi í láti ọdún méjìlá: ohun tí bàbá ń jẹ, ohùn rẹ̀, ẹni tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ tí ó sọ gbẹ̀yìn. Ó dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a sọ ọ́ tán, mo rí àbàwọ́n pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó kù lẹ́yìn etí òsì, ní ìwọ̀n ìka kan. Ó ní Ọ̀gá fẹ́ bá òun yọ ọ́, òun ni òun ní kí ó fi í sílẹ̀.

"Ibẹ̀ ni mo máa ń parí òróró sí," ni ó wí.

Mo mú fọ́tò náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé e kọ́ ara ògiri. Àwa méjèèjì rọra yí orí òkúta náà padà, díẹ̀díẹ̀, nítorí ó wúwo, títí ó fi kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì, tí wọ́n ti ń dúró lábẹ́ igi. Mo bá wọn dé títì. Nígbà tí mo padà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ojú ọ̀tún náà wà lára mi.

Mo bọ́ fìlà mi.

"Bàbá," ni mo wí, "mo ti dé."

"Ẹ pẹ́ o," ni àbúrò mi dáhùn láti ilé ìdáná.